Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: BÍ A ṢE Ń ṢÍRÒ ÌGBÌ

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí a ti kà kọjá, a ti kọ́ bí a ṣe ń sọ iye di púpọ̀ àti bí a ṣe ń pín in. Ẹ̀kọ́ ti òní yóò lo méjèèjì. Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ni ó fà á tí a fi kọ ọ́.

Ìyá yìí wà ní kíláàsì àwọn àgbà tí èmi ń kọ́ ní alaalẹ́. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ, ó yọ ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Ìwé ọmọ mi obìnrin nìyí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi yíǹkì pupa fa gbogbo ara rẹ̀ ya. Ó ní òun kò ṣe físíìsì mọ́, pé kò yé òun. Bẹ́ẹ̀ láti kékeré ló ti ń sọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ ṣe, wọ́n sì sọ fún mi pé ẹni tí kò bá yege nínú físíìsì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kì í gbà á."

Mo ní kí ó jókòó. Mo wo ìbéèrè náà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: ìró kan ń sáré 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fìríkúẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ 170 Hertz, kí ni gígùn ìgbì rẹ̀? Ọmọ náà kọ 57,800 mítà. Olùkọ́ wọn fa ìlà pupa sí i, kò sì kọ ohun tí ó fà á.

Ìyá bi mí pé, "Èwo tún ni ìgbì nínú ọ̀rọ̀ ìró? Ìgbì tí èmi mọ̀, ti òkun ni."

Mo ní, "Ìyá, ibẹ̀ gan-an la ó ti bẹ̀rẹ̀."

ÌGBÌ OMI

Bí ẹ bá ju òkúta sínú omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ ó rí i tí omi yóò máa ru ní róbótó-róbótó, tí róbótó náà yóò máa fẹ̀ sí i títí yóò fi kan èbúté. Ẹ wá jẹ́ ká sọ pé ewé kan wà lójú omi náà. Nígbà tí ìgbì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣé ìgbì yóò gbé e lọ sí èbúté? Rárá. Ewé náà yóò lọ sókè, yóò wá sílẹ̀, yóò tún lọ sókè, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Nítorí kí ni? Nítorí pé omi fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń rìn lọ. Mímì omi ni ó ń rìn lọ. Ó dà bí ìròyìn tó ń ti ẹnu dé ẹnu: ìròyìn ti dé Ìbàdàn, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ṣì jókòó sílé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí òkun lè sọ pé irọ́ ni mo pa. Òótọ́ ni pé níbi tí ìgbì ti ń fọ́ sórí iyanrìn, omi a máa rọ́ wá, a sì máa wọ́ ènìyàn padà sínú òkun. Ibi tí omi kò ti jìn mọ́ nìyẹn, tí ìgbì ń dojú dé. Ẹ má lọ dán ọ̀rọ̀ ewé wò níbẹ̀ o. Inú agbada omi nínú ilé tó.

Nǹkan mẹ́ta ni a fẹ́ mọ̀ nípa ìgbì. Ẹ jẹ́ ká fi bàbá apẹja kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó lójú ọ̀sà Èkó. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Bàbá wo aago rẹ̀, ó kà á. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbì gbé ọkọ̀ sókè ní ọgbọ̀n ìgbà. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní sẹ́kọ́ńdù. Nígbà tí a bá fi 60 pín 30, ìdajì ni. Ìyẹn ni pé ìdajì ìgbì ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní fìríkúẹ́ǹsì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Kò ju "ẹ̀ẹ̀melòó ní ìṣẹ́jú àáyá kan" lọ. Orúkọ ìwọ̀n rẹ̀ ni Hertz, orúkọ ọmọ Jámánì kan tí ó ń jẹ́ Heinrich Hertz. Òun ni ó kọ́kọ́ fi hàn gbangba pé ìgbì rédíò wà, ní nǹkan bí 1887 sí 1888.

Èkejì ni gígùn ìgbì. Láti orí ìgbì kan dé orí ìgbì tó tẹ̀ lé e ni a ń wọ̀n. Ká sọ pé ti ọ̀dọ̀ bàbá wa yìí jẹ́ mítà mẹ́fà.

Ẹ̀kẹta ni eré tí ìgbì ń sá. Bàbá kò ní láti sá tẹ̀ lé ìgbì kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ìgbì kan gùn ní mítà 6. Ìdajì rẹ̀ ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdajì 6 jẹ́ 3. Nítorí náà ìgbì náà ń sá mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo òfin náà kò ju èyí lọ:

Eré ìgbì = fìríkúẹ́ǹsì lọ́nà gígùn ìgbì.

Ìyá wo ohun tí mo kọ. Ó ní, "Bíi kóńgò nìyẹn?"

N kò tètè gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ó wá ṣàlàyé fún mi. "Tí kóńgò èlùbọ́ kan bá jẹ́ 1,500 náírà, tí oníbàárà ra kóńgò 4, mo máa sọ ọ́ di púpọ̀, 6,000 náírà ni màá gbà. Ṣùgbọ́n tí ó bá kó 6,000 náírà lé mi lọ́wọ́, tó ní kóńgò mélòó ni yóò rà, n kì í sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́. Mo máa fi iye owó kóńgò kan pín owó tó kó fún mi."

Mo sọ fún un pé kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Nǹkan mẹ́ta ló wà: méjì tí a máa ń sọ di púpọ̀, àti èyí tí ó ti inú wọn jáde. Eré ni èyí tó jáde, bí àpapọ̀ owó. Bí a bá ti ní eré lọ́wọ́, tí a wá ń wá ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù, pípín ni.

BÀBÁ ÀTI ỌMỌ LỌ́NÀ OKO

Nǹkan kan wà tí ó máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú níbí. Wọ́n á ní, bí fìríkúẹ́ǹsì bá pọ̀ sí i, ṣebí eré náà yóò pọ̀ sí i ni? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ sí oko. Ìṣísẹ̀ bàbá kan gùn tó 80 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń lọ ní 160 sẹ̀ǹtímítà. Ìṣísẹ̀ ọmọ kò ju 40 lọ. Bí kò bá fẹ́ kí bàbá òun fi òun sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò gbé ẹsẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹsẹ̀ ọmọ ń yá kánkán, ti bàbá ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn méjèèjì sì jọ dé oko ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì: bí eré bá jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tí fìríkúẹ́ǹsì rẹ̀ pọ̀ ni ó kúrú, èyí tí fìríkúẹ́ǹsì rẹ̀ kéré ni ó gùn.

ÌRÓ ÌLÙ ÀTI OHÙN ÈNÌYÀN

Nígbà tí onílù bá lu ìlù, awọ ìlù a máa gbọ̀n. Bí ó ṣe ń gbọ̀n, ó ń ti afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn ń ti èyí tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi kan etí wa. Ìró náà ń sáré tó 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ooru bá mú gan-an nílẹ̀ wa, ó lè tó 350. Nínú omi ó ń sáré tó 1,500 mítà, nínú irin ó ju 5,000 lọ. Ohun tí ìró ń gbà kọjá ni ó ń sọ eré rẹ̀. Bí onílù bá fi gbogbo agbára rẹ̀ lù ú, ìró yóò ròkè, ṣùgbọ́n kò ní tètè dé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè rí ẹ̀rí rẹ̀ níbi ìnáwó èyíkéyìí. Ẹ dúró lókèèrè, níbi tí ẹ ti ń gbọ́ ìlù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ìyáàlù ń dún ní ohùn ìsàlẹ̀, omele ń dún ní ohùn òkè. Bí ohùn òkè bá ń yára ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ, ìró omele ìbá ti dé kí ti ìyáàlù tó dé, ìlù náà ìbá sì dàrú létí yín. Kò dàrú. Ẹni tó wà lókèèrè lè máa jó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bá ìlù mu.

Àwa Yorùbá ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ fìríkúẹ́ǹsì tètè yé jù. Ṣé ẹ rántí ẹ̀kọ́ tí a ṣe lórí àmì ohùn? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Lẹ́tà kan náà ni. Ohun tó mú kí ọkọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, tí ọkọ́ sì yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, kò ju pé ohùn gbọ̀n ní ìgbà púpọ̀ sí i tàbí ní ìgbà díẹ̀ sí i lọ. Àmì tí a ń fi sórí lẹ́tà, fìríkúẹ́ǹsì ni à ń kọ sílẹ̀. Onílù dùndún ń ṣe ohun kan náà: bí ó bá fún okùn awọ ìlù mọ́ra, awọ yóò le, yóò gbọ̀n kánkán, ohùn yóò sì lọ sókè.

Ká wá ṣírò. Bí ohùn ọkùnrin kan bá gbọ̀n ní 100 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi 100 pín 340, gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ mítà 3.4. Bí ti obìnrin kan bá gbọ̀n ní 200 ìgbà, ẹ fi 200 pín 340, mítà 1.7 ni. Ìgbì ohùn bàbá gùn ní ìlọ́po méjì ti ìyá, bí ìṣísẹ̀ bàbá lọ́nà oko.

MÀNÀMÁNÁ ÀTI ÀRÁ

Eré ìró yìí lè gba ẹ̀mí là. Ẹ ti rí i pé bí ẹnì kan bá ń la igi lókèèrè, àáké rẹ̀ á ti balẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìró rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mànàmáná. Ìgbà kan náà ni mànàmáná àti àrá ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà lójú ẹsẹ̀ ni a ń rí i. Àrá ni ó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn, ní 340 mítà.

Nígbà tí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà. Bí ẹ bá ka 9 kí àrá tó dún, 340 lọ́nà 9 jẹ́ 3,060 mítà. Ó ju kìlómítà mẹ́ta lọ díẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe wàhálà, kí ó fi 3 pín iye tí ó kà, kìlómítà ni yóò rí.

Ìyá ní, "Kìlómítà mẹ́ta jìnnà, ṣé kò jìnnà ni?"

Kò jìnnà rárá. Mànàmáná lè balẹ̀ ní ibi tó jìn tó kìlómítà 10 sí ibi tí òjò ti ń rọ̀. Nítorí náà bí ẹ bá ka iye tí kò tó 30 kí àrá tó dún, ẹ kúrò níta gbangba. Ẹ wọ ilé gidi, tàbí ọkọ̀ tí ó ní òrùlé irin, kí ẹ ti fèrèsé rẹ̀. Ẹ má ṣe sá sábẹ́ igi ńlá. Àtíbàbà oko kì í ṣe ilé. Ẹni tó wà lójú omi, kí ó tètè gúnlẹ̀. Bí òjò bá sì dá, ẹ má tíì jáde. Ẹ dúró di ìgbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá ti kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Àwọn ìyá wa a máa fi aṣọ bo dígí nígbà tí àrá bá ń sán. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, kí wọ́n ṣáà ti wà nínú ilé.

RÉDÍÒ

Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní Èkó, láti 1935 ni wọ́n ti ń fi wáyà fa ọ̀rọ̀ wọ inú ilé àwọn ènìyàn. Àpótí náà kò ní nọ́ńbà tí à ń wá kiri, nítorí ohun tí wáyà bá gbé wá náà ni yóò sọ. Rédíò ti òde òní kò ní wáyà tó so ó mọ́ ilé iṣẹ́. Ìgbì ló ń gba inú afẹ́fẹ́ wá, nọ́ńbà ojú rẹ̀ sì ni fìríkúẹ́ǹsì.

Ẹ mú Amúlùdùn FM ní Móníyà, ní Ìbàdàn, tí ó ń fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 99.1. Kì í ṣe pé ìgbì rẹ̀ ń gbọ̀n ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ìgbà o. Mẹ́gáhẹ́ẹ̀tísì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, mẹ́gá sì ni mílíọ̀nù kan. Ó ń gbọ̀n ní 99,100,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì rédíò àti ìmọ́lẹ̀ jọ ń sá eré kan náà ni, 300,000,000 mítà. Ẹ yọ mílíọ̀nù kúrò lára méjèèjì: ó ku kí a fi 99.1 pín 300. Ẹ óò rí mítà 3 àti díẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú nínú ìdánwò. Wọ́n á yọ mílíọ̀nù lára ọ̀kan, wọ́n á gbàgbé èkejì.

Ìdá kan nínú mẹ́rin mítà 3 jẹ́ 75 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀pá irin orí rédíò tí a bá fà jáde tó ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ a máa gbá ìgbì FM mú dáadáa. Ẹni tó ṣe é kò kàn gé irin bí ó ṣe wù ú.

Bí ó bá jẹ́ ìró lásán ló ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, tí ó tó nǹkan bí 50 kìlómítà, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni ìròyìn yóò fi wà lọ́nà, yóò sì ti kú kí ó tó dé. Ìgbì rédíò ti dé ibẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, Ìyá fa ìwé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó fi ìka tọ́ ibi tí yíǹkì pupa wà.

"57,800 mítà. Kìlómítà mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta àti díẹ̀."

Ó wò mí. "Tíṣà, ìgbì ohùn kan ṣoṣo wá gùn láti Ìbàdàn kọjá Ọ̀yọ́? Ẹnu ta ló ti jáde?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó mú pẹ́ńsù, ó ní, "Ó sọ ọ́ di púpọ̀ níbi tó yẹ kó ti pín. Eré ni wọ́n fún un." Ó kọ 340, ó fi 170 pín in, ó sì kọ 2 sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ mítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin, pẹ̀lú àmì ohùn orí wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú ọmọ náà wá sí kíláàsì. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú alẹ́, sà. Màmá mi ní kí n wá bi yín bóyá ẹ ní ìbéèrè mìíràn. Wọ́n ní kí n máa ṣe é bíi kóńgò èlùbọ́." Àwọn ìbéèrè tí mo kọ fún un nìwọ̀nyí. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe wọ́n.

1. Ìgbì gbé ọkọ̀ kan sókè ní ìgbà 15 nínú ìṣẹ́jú kan. Láti orí ìgbì kan dé orí èkejì jẹ́ mítà 25. Kí ni eré ìgbì náà?

2. Mànàmáná kọ. O ka 12 kí àrá tó dún. Báwo ni ó ṣe jìnnà sí ọ tó? Ṣé o lè máa ro oko lọ?

3. Ilé iṣẹ́ rédíò kan wà lórí 100 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tísì. Kí ni gígùn ìgbì rẹ̀?

Ìdáhùn: 1. Mítà 6.25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 2. Mítà 4,080, rárá, wọ ilé. 3. Mítà 3.